Orin Ràmátù tí Mo Túnṣe Títí Ó Fi Bàjẹ́

Etí ni mo fi jẹun fún ohun tó lé ní ogójì ọdún. Ẹlòmíràn ń fi ọkọ́ jẹun, ẹlòmíràn ń fi ẹnu, etí ni tèmi. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wá sí ojúde mi ní Komah níbí, tí ẹ ń gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká dání, tí ẹ ń fi Faransé pè mí ní àbúrò bàbá yín, tí ẹ ń bi mí pé, "Tonton, ṣé iṣẹ́ gbígba orin sílẹ̀ lè mú ènìyàn dé ibì kan?", ẹ ti rí i pé èsì mi kì í yára jáde. Ẹ rò pé àgbà ń ronú ni. Irọ́ ni, ojú ló ń tì mí. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó láti kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe rí, kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ náà mọ ohun tó ń kó sí.

Kambolé ni wọ́n bí mi sí, ìlú àwọn Yorùbá ní ilẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ Faransé. Iṣu àti àgbàdo ni bàbá mi ń gbìn, bí ti gbogbo ará ilé wa, ṣùgbọ́n ọkọ́ kò gbọ́ tèmi. Bí mo bá kọ ebè mẹ́wàá, mẹ́jọ nínú rẹ̀ á wọ́. Bàbá mi ní, "Rédíò nìkan ni ọmọ yìí ń gbọ́ràn sí lẹ́nu." Ó fà mí lé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan lọ́wọ́ ní Sokodé, Ọ̀gá Yésúfù, ọmọ àwọn Yorùbá tó ti Nàìjíríà wá ṣòwò, tó ní ṣọ́ọ̀bù káséètì ní Komah. Bí mo ṣe bá iṣẹ́ pàdé nìyẹn. Ohun tí wọ́n bá fún mi jẹ ni mo ń jẹ.

Ọ̀gá Yésúfù ń tún rédíò ṣe, ó ń ta káséètì, ó sì ní yàrá kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù tó fi tìmùtìmù àti àpò àgbàdo bo gbogbo ògiri rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti ń gba wáàsí, orin ìgbéyàwó àti orin àwọn ẹgbẹ́ olórin sílẹ̀. Ọkùnrin tó le ni. Ọdún kan gbáko ni mo fi wà nínú yàrá yẹn tí n kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan bọ́tìnì kankan. Kí n gbálẹ̀, kí n ká wáyà, kí n jókòó gbọ́, iṣẹ́ mi kò ju ìyẹn lọ. Bó bá di ọ̀sán, á ní kí n di ojú mi, kí n sọ ohun tí mo ń gbọ́ níta: alùpùpù ta ló kọjá, obìnrin mélòó ló ń gúnyán ní agbo ilé tó tẹ̀ lé tiwa, èwo nínú odó wọn ló ti là. Bí mo bá ṣì í, màá pọnmi kún àgbá. Mo pọnmi títí àwọn obìnrin ìdí kànga fi ń pè mí ní ìyàwó tuntun.

Òfin rẹ̀ kan wà tó ju gbogbo òfin yòókù lọ. Àwọn tó ń wá gbohùn sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa, Tem, èdè àwọn Kótókólì tó ni Sokodé, ni púpọ̀ nínú wọn ń sọ, tàbí Hausa, tàbí Faransé. Yorùbá kò pọ̀. Ọ̀gá ní a kò gbọdọ̀ gbé orin kankan jáde láìjẹ́ pé a pe ẹnì kan tó ni èdè náà wá, kó gbọ́ ọ, kó sì tún ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sọ fún wa. Kì í ṣe olórin náà fúnra rẹ̀ o, ẹlòmíràn tí kò gbọ́ orin náà rí. Bí ẹni náà bá gbọ́ ọ̀rọ̀ mìíràn yàtọ̀ sí èyí tí olórin sọ, a ó padà sídìí iṣẹ́. "Má fi etí tìrẹ gbọ́ èdè ẹlòmíràn," ohun tó máa ń wí nìyẹn, á sì máa fà mí létí bó ṣe ń wí i. Láyé mi, n kò gbàgbé òfin yẹn lórí orin Tem kan, n kò gbàgbé rẹ̀ lórí orin Hausa kan.

Inú káséètì ni gbogbo iṣẹ́ wà nígbà náà. Ẹ̀rọ wa kò gbà ju ohùn mẹ́rin lọ lẹ́ẹ̀kan náà, bí olórin kan bá sì ṣì í ní ìparí, gbogbo wọn á tún un bẹ̀rẹ̀ láti orí. Bí téèpù bá há, a ó fi bírò yí i padà díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń tọ́jú ojú egbò. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ìka kan pa àṣìṣe rẹ́ lónìí, ẹ ò mọ ìyà. Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, Ọ̀gá ti darúgbó. Mo ra ọ̀kan, mo gbé e lé orí tábìlì, mo fi han bàbá náà bí ohùn ṣe ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀ lójú rẹ̀. Ó wò ó pẹ́. Ó ní, "Séídù, o ti wá ń fi ojú gbọ́ràn báyìí." Mo rẹ́rìn-ín. Kò pẹ́ sígbà náà ló kú, kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ, ṣọ́ọ̀bù sì di tèmi.

Nínú kọ̀ǹpútà yẹn ni mo ti rí ètò kan tó ń tọ́ ohùn. Bí ẹnì kan bá kọrin tí ohùn rẹ̀ kò bọ́ sí orí ìró gan-an, ètò náà á fà á wá sí orí ìró tó bá súnmọ́ ọn. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Àwọn tí kò lè kọrin rárá ń wá láti Tchamba, wọ́n sì ń fi ohùn tó tọ́ gbọnrangandan padà sílé. Orúkọ mi ń dún káàkiri. Ẹnikẹ́ni tó bá gba orin sílẹ̀ nílé fúnra rẹ̀, tó fẹ́ mọ ibi tó kù díẹ̀ káàtó sí, wọn á ní, "Gbé e lọ fún Séídù ní Komah, á sọ òótọ́ fún ọ." Ó dùn mọ́ mi. Ẹni tí gbogbo ayé ń bi ní ìbéèrè, kì í pẹ́ kó tó gbàgbé bí wọ́n ṣe ń béèrè.

Èdè tèmi ńkọ́? Mo fẹ́ ìyàwó, ará Tem ni. Tem là ń sọ nílé, àwọn ọmọ wa ń bu Faransé mọ́ ọn. Yorùbá mi di ti ìkíni: ẹ káàárọ̀, ẹ kú ọjà, ṣé àlàáfíà ni. Bó bá di ọdún Iléyá tàbí tí ẹnì kan bá kú, mo ń lọ Kambolé. N kò kà á sí nǹkan kan, mo ṣáà rò pé kò sẹ́ni tó ń gbàgbé èdè ìyá rẹ̀.

Bí Ràmátù ṣe wọlé wá nìyẹn. Ọmọ Kambolé bíi tèmi ni, olùkọ́ ni ní Tchamba, ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún nígbà náà. Orin rọ́ọ̀kì ló ń kọ, orin onígìtá oníná tó ń han bí ẹ̀rọ ìlọgbàdo. Ìyá rẹ̀, tí gbogbo ìlú ń pè ní Ìyá Ràmátù, kò fẹ́ rí gìtá náà sójú. Níbi ìkómọ ọmọ ẹ̀gbọ́n Ràmátù, ìyá yìí sọ̀rọ̀ gìtá náà lójú gbogbo ènìyàn, ọmọ sì dá a lóhùn lójú gbogbo ènìyàn: "Kí lẹ ṣe fún mi rí tí ẹ fi ń pàṣẹ fún mi?" Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Láti ọjọ́ náà ìyá kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Ràmátù pè é lórí fóònù títí, kò gbé e. Ó wá sílé, ìyá wọ yàrá lọ kírun.

Ràmátù jókòó sórí àga níwájú mi, ó mú fíláàṣì jáde nínú báàgì. "Tonton Séídù, mo kọ orin kan fún Màámi. Yàrá mi ni mo ti gbà á sílẹ̀, mo fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo fèrèsé, mo sì po gbogbo rẹ̀ pọ̀ fúnra mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ọ, kí ẹ sọ ibi tó kù sí. Gbogbo àwọn tí mo jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ, 'O kú iṣẹ́' ni wọ́n ń sọ. Kí ni mo fẹ́ fi 'O kú iṣẹ́' ṣe?"

"Níbo lo fẹ́ kí ìyá rẹ ti gbọ́ ọ?"

"Lọ́jọ́ Iléyá, lẹ́yìn oúnjẹ. Bàbá Sàlísù, àbúrò Màámi, ti gbà pé àwọn máa mú wọn jókòó. Bí Màámi bá gbọ́ orin yìí tí wọn ò dárí jì mí, Tonton, n kò mọ ohun tí mo tún lè ṣe mọ́."

Mo fi orin náà sí i. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí:

Ìyá ló tọ́ mi dàgbà,
Ìyá ló ń dúró dè mí nílé.

Mo gbọ́ ọ dópin, mo sì sọ tèmi. Mo ní gìtá bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀, kó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ níbi tí orin bá ti bẹ̀rẹ̀. Mo ní ìlù ńlá àti gìtá tó nípọn ń jà sí àyè kan ṣoṣo, kó fún ọ̀kan láyè. Mo ní mo gbọ́ ewúrẹ́ nínú ẹsẹ̀ kejì. Gbogbo rẹ̀ ló ń kọ sínú ìwé, ó tilẹ̀ rẹ́rìn-ín sí ti ewúrẹ́. Títí dé ibẹ̀, òótọ́ ni mo sọ. Ibẹ̀ ló sì yẹ kí n dúró sí.

"Ohùn rẹ wọ́," mo ní.

"Níbo, Tonton?"

"Ní ìbẹ̀rẹ̀ gan-an. Ìró kejì yẹn, ó fẹ́ gòkè, kò gòkè tán. Ó há sáàárín."

"Mo mọ̀. Mo fẹ́ kó há síbẹ̀ ni. Bí mo bá gbé e gòkè tán, kò ní bá gìtá mu. Bí mo bá sì rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ náà á…"

N kò jẹ́ kó parí rẹ̀. "Ràmátù, èmi àti ìwọ, ta ló ti ń ṣe iṣẹ́ yìí kí wọ́n tó bí ìkejì?"

Ó wolẹ̀. "Ẹ̀yin ni, Tonton."

"Ó dáa. Fi í sílẹ̀ fún mi. Èmi fúnra mi ni màá gbé e wá sí Kambolé, pẹ̀lú ẹ̀rọ gbohùngbohùn mi."

Mo fi ọjọ́ mẹ́ta ṣe é. Mo yọ ewúrẹ́ kúrò, mo wá àyè fún ìlù, mo sì fi ètò yẹn tọ́ ohùn. Ó fa ìró tó há náà sọ̀ kalẹ̀, ó sì tọ́. Mo pe àwọn aládùúgbò wá gbọ́ ọ, télọ̀ kan tó jẹ́ Tem àti Hausa kan tó ń ta obì. Wọ́n ń mi orí, wọ́n ní ó dùn. Bó bá jẹ́ orin Tem ni, télọ̀ yẹn kì bá tí jáde láìtún ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sọ fún mi. Ṣùgbọ́n Yorùbá ni. Èmi ni mo ni èdè, ta ni mo tún fẹ́ pè?

Lọ́jọ́ Iléyá, a ti jẹun tán, agbo ilé kún. Ràmátù jókòó sórí ẹní, ó ń lọ́ etí ìborùn rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ kò tíì gbọ́ orin náà láti ìgbà tó ti fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi. Bàbá Sàlísù mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jáde, ó fi í jókòó síwájú. Mo tẹ bọ́tìnì. Gìtá dún, mo rí i pé ìyá náà kò tilẹ̀ bínú sí gìtá, ó tẹ́tí. Ohùn Ràmátù wá wọlé, ó tọ́, ó mọ́ gaara. Mo sì gbọ́ ọ pẹ̀lú gbogbo ìlú:

Ìyà ló tọ́ mi dàgbà,
Ìyà ló ń dúró dè mí nílé.

Mo ti gbọ́ orin náà bí ìgbà ọgọ́rùn-ún ní Komah, n kò gbọ́ ọ. Àárín àwọn tó ni èdè ni mo ti wá gbọ́ ọ. Ọmọ tó bi ìyá rẹ̀ pé kí ló ṣe fún òun rí, òun náà ló tún padà wá sọ ọ́ sínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn pé ìyà ló tọ́ òun.

Ìyá Ràmátù dìde. Ó ní, "Ìyà, àbí?" Ó wọlé. Bàbá Sàlísù yíjú sí mi. "Séídù, ìwọ lo mọ iṣẹ́. Ṣé bó ṣe kọ ọ́ nìyí?"

Ó rọrùn láti sọ òótọ́. Gbólóhùn kan péré ni. Ṣùgbọ́n gbogbo ojú ló wà lára mi, àwọn tí wọ́n mọ bàbá mi, àwọn tí wọ́n ń fi mí yangàn pé ọmọ wa tó ń ṣe iṣẹ́ ńlá ní Sokodé. Mo ní, "Bó ṣe kọ ọ́ nìyẹn."

Ọmọ náà kò já mi nírọ́ lójú àwọn àgbà. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi àgbà wà lọ́jà, èmi gan-an ni mo sì wọ́ ọ lórí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ó pè mí lórí fóònù. Ohùn rẹ̀ kéré. "Tonton, ẹ má bínú. Mo ti pa orin náà rẹ́ lórí kọ̀ǹpútà mi, fíláàṣì yẹn nìkan ló kù, ẹ ò sì dá a padà. Ṣé lóòótọ́ ni ohùn mi wọ́ débẹ̀?"

Mo ní, "Ṣebí mo ti sọ fún ọ tẹ́lẹ̀."

Irọ́ kìíní, ẹ lè ní ojú ló tì mí. Èkejì yìí, kí ni kí ẹ pè é? N kò ní orúkọ fún un títí di òní. Mo gbọ́ lẹ́yìn náà pé ó ti gbé gìtá rẹ̀ fún ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, kò sì kọrin mọ́.

Mo bá iṣẹ́ lọ fún bí ọdún kan sí i, ó sì sú mi. Ẹnikẹ́ni tó bá gbé orin wá pé kí n gbọ́ ọ, màá ní kó padà wá lọ́jọ́ mìíràn. Mo ti ṣọ́ọ̀bù pa. Mo sọ fún gbogbo ènìyàn pé etí mi ti rẹ̀, wọ́n sì bá mi kẹ́dùn, wọ́n ní mo ti ṣiṣẹ́ kárakára. Bí ẹ bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ yìí, ẹ kọ́ ọ, iṣẹ́ tó dára ni. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá fi orin sí yín lọ́wọ́ tó ní kí ẹ sọ ibi tó kù sí, ẹ jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí mo bá ti jẹ́ kí Ràmátù parí gbólóhùn kan yẹn, n kì bá tí máa kọ èyí.

Lọ́dún yìí, Bàbá Sàlísù wá kí mi ní Komah. Ó jókòó, ó gba omi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi ń lọ sí Mẹ́kà. O mọ̀ pé ẹni tó bá ń lọ á kọ́kọ́ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó bá ti ṣẹ̀. Ó ní kí n bá òun bẹ̀ ọ́. Ó ní ọ̀nà jíjìn lo ti gbé ẹrù wá lọ́jọ́ Iléyá yẹn, òun sì dìde nídìí iṣẹ́ rẹ láì kí ọ kú iṣẹ́. Ó ní ó ń dun òun."

N kò lè wò ó lójú. "Ràmátù ńkọ́?"

"Ìyẹn?" Ó mirí. "Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Ó ní ohun tó wà láàárín òun àti Ràmátù, òun á fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Ó lè má ránṣẹ́ sí i kó tó lọ."

Obìnrin tí mo gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi. Ikú yá ju ẹ̀sín lọ, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń wí, ṣùgbọ́n ẹ̀sín tó bá ti wà nínú ilé ẹni kò jẹ́ kí ènìyàn kú, ńṣe ló ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, mo wá fíláàṣì Ràmátù jáde nínú àpótí, mo gun alùpùpù akérò dé ibùdó ọkọ̀, mo sì wọ ọkọ̀ Tchamba, ó di Kambolé.

Ìyá Ràmátù wà nínú yàrá rẹ̀, ó ń ká aṣọ funfun sínú báàgì. Mo dọ̀bálẹ̀. Ó ní, "Séídù, dìde, àgbà ni ọ́." N kò dìde. Mo ní kó kọ́kọ́ gbọ́ nǹkan kan. Mo fi fíláàṣì sínú rédíò kékeré tí mo gbé wá, orin náà sì bẹ̀rẹ̀ bí Ràmátù ṣe gbà á sílẹ̀ nílé, gìtá tó ń bo ọ̀rọ̀, ewúrẹ́, gbogbo rẹ̀.

Ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan. Ó ní kí n tún un fi sí i. Lẹ́ẹ̀kejì, nígbà tó dé ibi ọ̀rọ̀ náà, ó gbé ọwọ́ sókè bí ẹni tó fẹ́ dá ènìyàn dúró lójú ọ̀nà.

"Ìyá ló ń pè."

"Ìyá ni, Ẹ̀gbọ́n. Èmi ni mo sọ ọ́ di ìyà. Mo ní mò ń tọ́ ohùn rẹ̀."

"Etí rẹ kò sì gbọ́ ọ?"

"Kò gbọ́ ọ."

"Séídù, o ti pẹ́ nílẹ̀ Kótókólì." Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ìbá sàn kó fi ìbínú sọ ọ́. Ó wá béèrè èyí tí mo ti ń sá fún láti ilé: "Lọ́jọ́ tí Sàlísù bi ọ́, ṣé o ti mọ̀?"

"Mo ti mọ̀, Ẹ̀gbọ́n."

Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ báàgì náà, ó gbé ọwọ́ lé itan. "Ibi tí mò ń lọ kò jẹ́ kí n gbé ọ sọ́kàn. Ní tèmi, ó ti tán. Ti Ràmátù kò sí lọ́wọ́ mi." Ó mú fóònù rẹ̀, ó wá nọ́ńbà ọmọ rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́, ó sì nà án sí mi.

Kò dún lẹ́ẹ̀mejì tí wọ́n fi gbé e. "Màámi?" Ràmátù ní. "Màámi, ṣé kò sí?"

Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, n kò rí ọ̀rọ̀ tó ṣòro fún mi láti sọ tó orúkọ ara mi. Mo ní, "Séídù ni."

Mo sọ fún un. Mo sọ gbogbo rẹ̀, irọ́ kìíní àti irọ́ kejì. Kò já lu ọ̀rọ̀ mi. Nígbà tí mo parí, mo ń gbọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé lẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n ń ka ìwé pọ̀.

"Mo bi yín, Tonton," ó ní. "Mo fi ẹnu ara mi bi yín."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Mo sì gbà yín gbọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi."

Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ gbé fóònù fún Màámi."

Mo gbé e fún un. Obìnrin náà kọ ẹ̀yìn sí mi, ó kọjú sí ògiri, ó fi ọwọ́ kejì di etí kejì kó lè gbọ́ dáadáa. "Ràmátù," ó ní, "ìyá rẹ nìyí." Mo mú bàtà mi lẹ́nu ọ̀nà, mo jáde. Mo dúró díẹ̀ lábẹ́ igi tó wà lójúde, bóyá ẹnì kan á pè mí. Kò sẹ́ni tó pè mí, mo sì wá ọkọ̀ lọ.